Páìpù Tó Ń Kérora Nílé Ìyá Ọkọ Mi

Ilé tí mo fẹ́ ọkọ sí ní Òrè máa ń kérora. Ẹ má rò pé ìtàn iwin ni mo fẹ́ sọ. Páìpù omi ló ń kérora, mo sì mọ ohun tó ń ṣe é, nítorí èmi gan-an ni mo fi etí wá a kàn. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá jókòó síbi tí omi ti ń dún nínú ògiri, ì báà jẹ́ nílé àwọn ọmọ mi, ojú á máa tì mí. Mo máa ń dìde lọ jókòó síta.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ ilé náà. Ọmọ Òdìgbò ni wọ́n, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi, jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi ẹ̀rín músẹ́ dáhùn gbogbo ohun tí Màmá bá sọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà tán, wọ́n fa omi ìjọba wọ inú rẹ̀. Ní àdúgbò wa, ilé yẹn nìkan ni omi ti ń gun ògiri. Páìpù kan wọlé láti ẹ̀bá títì, ó gba inú ògiri ilé ìdáná gòkè lọ sínú táǹkì tó wà lórí pèpéle kọnkéré gíga kan lẹ́yìn ilé. Òmíràn tún sọ̀ kalẹ̀ láti inú táǹkì lọ sí ilé ìwẹ̀, sí ilé ìdáná, àti sí ẹ̀rọ omi kan níwájú ilé, lẹ́bàá géètì.

Ẹ̀rọ iwájú ilé yìí ni Màmá fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ ìṣílé, nígbà tí àlùfáà gbàdúrà tán, wọ́n dìde níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n ní, "Ulé tí Ọlọ́run fún mi rèé. Ẹnikẹ́ni tí kò bá rí omi ládùúgbò yìí, kó wá bu. A kì í fi omi du ènìyàn ní ulé mi." Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi ò tíì di ìyàwó wọn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ìtàn ọjọ́ náà lẹ́nu wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé àga fún àlùfáà. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ìyá olómi, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

Oríṣi ariwo mẹ́ta ni páìpù wọn ń pa. Bí omi bá fẹ́ yọ, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rọ á máa húkọ́ bí ẹni tí ata sá sí lọ́fun. Bí ènìyàn bá ti ẹ̀rọ pa lójijì, ògiri á dún gbì. Ẹ̀kẹta ni baba wọn. Bí omi bá ti ń wọ inú táǹkì fún ìgbà díẹ̀, igbe gígùn kan á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀, hùùùù, bíi ti màlúù tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní òdìkejì títì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìyàwó, igbe yìí ni agogo àdúgbò. Bó bá ti dún báyìí, àwọn obìnrin á ti gbé garawa àti korobá.

Ìgbà náà ni àwọn ṣójà ń kọ́ gbogbo ènìyàn láti máa tò, ní gáréèjì, ní ilé ìfowópamọ́, níbikíbi tí ènìyàn bá ti ju méjì lọ. Màmá kọ́ ọ lára wọn. Wọ́n á gbé àpótí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á na ìka. "Ẹ tò! Ìwọ tó ń ti ènìyàn yẹn, padà sẹ́yìn!" Ọkọ mi á ní, "Màmá, ó ku fìlà ṣójà." Wọ́n á ní kó lọ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín á ti kún ojú wọn.

Lára àwọn tó máa ń tò ni obìnrin kan tó ń gbé ní òdìkejì títì gan-an. Òun àti ọkọ rẹ̀ wá láti ìhà Kwárà níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè mìíràn, ọkọ rẹ̀ ń dá oko kòkó fún onílẹ̀ kan lọ́nà Àgọ́ Aláayè, ó sì máa ń pẹ́ lóko kó tó wálé. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yorùbá rẹ̀ ṣì ń ta kókó díẹ̀díẹ̀, bóyá ìyẹn ló fà á. Bó bá pọn omi tirẹ̀ tán, ó máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá ẹrẹ̀ ìdí ẹ̀rọ kó tó lọ. Ẹnikẹ́ni ò rán an.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àwọn ológun ń sọ lórí rédíò pé kí gbogbo ènìyàn mú sùúrù, pé ìyà díẹ̀ ló kù. A mú sùúrù, ṣùgbọ́n omi ò bá wa mú un. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ti bàjẹ́, wọ́n ní kò sí ohun èlò láti tún un ṣe nítorí ọjà òkèèrè ò wọlé mọ́. Omi tó ń yọ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ di omi ọ̀sẹ̀, ó di omi ìgbà-tó-bá-wù-ú. Bó bá tilẹ̀ yọ, kì í pẹ́. Kò kún táǹkì rí lọ́dún náà.

Láàárín ìyẹn ni ẹ̀gbà dá Bàbá wó. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ̀ mọ́, wọn ò sì mọ ìgbà tí ìgbẹ́ ń bọ̀. A ó wẹ̀ wọ́n láàárọ̀, a ó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn tí kò bá tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí kò mọ bí omi ṣe ń tán.

Màmá ò jẹ́ kí a sá aṣọ náà síta. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Inú yàrá ẹ̀yìn la ń so okùn sí, aṣọ náà á máa gbẹ níbẹ̀, bí ẹ bá pe ìyẹn ní gbígbẹ. Bí àwọn ará ìjọ bá bi wọ́n léèrè ara Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Ara wọn ń yá. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n díẹ̀." Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á máa wo bàtà mi.

Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi pamọ́ nìyẹn. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ iwájú ilé, wọ́n tì í sábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé korobá wá, wọ́n á ti sọ ọ́ kí onítọ̀hún tó kí wọn tán: "Omi éè sí o!" Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ká ní wọ́n sọ pé, "Bàbá ń ṣe sára, ẹ jẹ́ ká máa lo èyí tó wà fún wọn," ta ni ò bá bínú? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni wọn ò lè sọ. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí àdúgbò pè wọ́n ní ẹni tí omi rẹ̀ gbẹ, ju kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ wọn.

Páìpù nìkan ni kò gbà. Omi á yọ, igbe á sọ, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Màmá á sáré bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n á kọ ọ́ tòkètòkè bí ẹni tó wà ní ìsọjí. Nígbà tí wọ́n rí i pé ohùn àwọn nìkan ò bò ó, wọ́n wá rántí iṣẹ́ mi. Aránṣọ ni mí, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí géètì ni maṣíìnì mi wà. "Ìyàwó, tẹ maṣíìnì!" Bí kò bá tilẹ̀ sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, èmi á máa tẹ̀ ẹ́, ó ń dún gàràgàrà, abẹ́rẹ́ ń gún òfìfo. Oníbàárà mi kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ń wò mí. Mo sọ fún un pé mo ń dán an wò ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin òdìkejì wọlé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti wá gbẹ̀yìn. Ó gbé báàfù ńlá kan sí ìbàdí, báàfù ìfọṣọ, òfìfo. Màmá jókòó lórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Màmá, mo ní kí n wá..."

"Omi éè sí o, ọmọ mi. Kò kán rárá. Àwa náà ń wá èyí tí a máa mu."

Bí wọ́n ṣe pa ẹnu dé, ògiri gbà á. Hùùùù. Mo wà nídìí maṣíìnì. Màmá yí ojú sí mi, ojú yẹn ń sọ fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbéra. Mi ò lè sọ pé mo kọ̀ ni. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Igbe náà kò dákẹ́. Ó ń gùn sí i, ó ń rìn nínú ògiri láti orí wa títí dé ẹ̀yìn Màmá. Obìnrin náà wo òkè, ó wo Màmá, ó wo báàfù rẹ̀.

"Bàbá ni," Màmá wí. "Wọ́n ti sùn. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa hanrun báyẹn."

Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, ǹ bá wọlé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì yọ ṣùtì. Ó rọra dìde.

"Háà. Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Màmá. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa."

Ó gbé báàfù rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó dé géètì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí irin má baà dún, bí a ṣe ń ṣe nílé tí ènìyàn bá ti sùn.

Mo gbé oúnjẹ wọlé fún Bàbá. Ojú wọn là kalẹ̀. Fèrèsé yàrá wọn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wò mí, ètè wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: "Mi... ò... sùn."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni mo wí.

Wọ́n yí ojú sí ògiri tí omi ṣì ń ké nínú rẹ̀. Mo gbé ṣíbí, mo gbé e kalẹ̀.

Ẹ ó rò pé irọ́ ọjọ́ náà á kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ohun tó kọ́ Màmá ni pé ó yẹ kí páìpù dákẹ́. Bí ọkọ mi ṣe ti gáréèjì dé, ibi tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, Màmá ò jẹ́ kó bọ́ bàtà. "Ẹ wá nǹkan yìí rí fún mi. Ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Ojú tì mí lónìí." Onípáìpù tó ṣe iṣẹ́ náà ti kó lọ sí Èkó. Ó ku àwa méjì, sípánà ọkọ mi, àti etí mi.

Kò rọrùn, nítorí ó di ìgbà tí omi bá yọ kí a tó lè gbọ́ ohun tí à ń wá. Ọkọ mi ò fẹ́ dúró. Ó ní páìpù ló tú lára ògiri, ó ń gbọ̀n. Ó kan ìṣó, ó fi wáyà so ó, ó gé àpò kòkó méjì, ó fi wé gbogbo ibi tí páìpù ti hàn síta, ó dì í bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Nígbà tí omi yọ, ó ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ náà ni mo gbé etí lé ògiri. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí maṣíìnì mọ̀ pé ibi tí ariwo ti ń jáde kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Maṣíìnì á máa dún lábẹ́ tábìlì, abẹ́rẹ́ tó wọ́ lókè ló fà á. Mo ní kí ọkọ mi di páìpù ilé ìdáná mú gírígírí. Kò dákẹ́. Mo ní kó ti ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀. Kò dákẹ́. Bí mo ṣe ń gun àkàbà lẹ́yìn ilé ni ariwo ń pọ̀ sí i, mo dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì, irin rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ṣí ìdérí.

Ohun tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Nínú táǹkì bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù kan máa ń wà lẹ́nu irin tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń léfòó lórí omi. Bí omi bá ń kún, bọ́ọ̀lù á máa gòkè, irin á máa ti ẹnu páìpù pa, kí táǹkì má baà kún àkúnya. Irin tiwa ti wọ́, rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ti jẹ. Bí omi bá ti dé ìdajì, bọ́ọ̀lù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á máa ṣí, á máa tì, kíákíá, ìyẹn ló ń di igbe. Mo na ọwọ́, mo gbá bọ́ọ̀lù náà mú. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo fi í sílẹ̀, ilé ké. Mo tún gbá a mú.

"Kí lẹ ṣe?" Màmá kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ó ti dákẹ́! Ẹ ṣe é báyẹn!"

Orí mi wú lórí àkàbà yẹn, kí n má purọ́.

Ọkọ mi wá tuntun kiri ní Òrè, ó wá a dé Òkìtìpupa, kò rí. Mo gé ìdí sílípáàsì mi kan, mo fi ṣe rọ́bà rẹ̀. Ó gbìyànjú. Igbe náà lọ sílẹ̀, ó dà bí ti oyin nínú ihò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sí géètì ṣì máa gbọ́ ọ. Màmá dúró sí géètì, wọ́n gbọ́ ọ.

"Ẹ yọ ọ́ dànù," wọ́n wí.

Ọkọ mi ní, "Màmá, bí a bá yọ bọ́ọ̀lù, kò sí ohun tó máa dá omi dúró."

"Ọjọ́ wo ni omi ìjọba kún táǹkì rí lọ́dún yìí?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọkọ mi gòkè, ó tú u. Mo gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná.

Láti ọjọ́ náà, omi ń yọ, omi ń lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí àwa ará ilé. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọmọ wọn tó gbọ́n. Wọ́n fún mi ní ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Ó wá di ọjọ́ ìsinmi kan. A gbọ́ pé ọ̀gá ológun kan máa gba Òrè kọjá lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n kun ojú títì, wọ́n lé àwọn tó ń tajà ní oríta, ó sì jọ pé wọ́n tún ẹ̀rọ omi ṣe pẹ̀lú, kí nǹkan lè rí bó ṣe yẹ kó rí. Àwa ò mọ̀. A ti wẹ Bàbá láàárọ̀, oorun ti gbé wọn bó ṣe máa ń gbé wọn, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwàásù ọjọ́ náà gùn. Màmá jókòó síwájú láàárín àwọn ìyá ìjọ.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a rí èrò lẹ́bàá títì níwájú ilé wa. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Màmá náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń sáré nínú bàtà gíga wọn. A súnmọ́ ọn, a wá rí i.

Táǹkì ti kún, ó ti kún kọjá. Omi ń ya bọ̀ láti orí pèpéle, ó ń ṣàn lára ògiri ẹ̀yìn ilé, ó yí ẹ̀gbẹ́ ilé po, ó gba abẹ́ ọgbà jáde sínú gọ́tà ẹ̀bá títì. Kò sí ariwo kankan. Omi tó mọ́ gaara wọ inú gọ́tà dúdú, ó ń gbé ewé àti ọ̀rá lọ. Àdúgbò sì tò. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ fún wọn, wọ́n tò bí Màmá ṣe kọ́ wọn, láti ibi tí omi ti ń jáde lábẹ́ ọgbà, kí kálukú lè gbọ́n ọn kó tó bàjẹ́. Obìnrin òdìkejì ló wà níwájú. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ta ìbòrí rẹ̀ sẹ́nu korobá, ó ń fi igbá gbọ́n omi gọ́tà wa sí i, ó ń sẹ́ ẹ.

Wọ́n rí wa. Gbogbo wọn ló kí wa.

"Màmá, ẹ kú ìsìn o."

Bàbá àgbàlagbà kan tó wà ní ìparí ìlà ní omi tí ènìyàn máa mu kò ní í ṣàn kọjá rẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. Màmá dúró nínú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Bíbélì wà lábíyá. Mo rí i tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa sọ. Mo gbàdúrà pé kí wọ́n má sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́.

"Háà! Omi yọ!"

Obìnrin òdìkejì gbé ojú sókè. "Ó yọ, Màmá," ó wí, pẹ̀lẹ́.

Màmá wọlé. Wọn ò tú gèlè, wọn ò bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Bàbá ti ń gbọ́ omi náà láti òwúrọ̀, wọn ò sì lè dìde. "Omi... ń... lọ," wọ́n ń wí, "omi... ń... lọ," omijé ti rin ìrọ̀rí wọn. Màmá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí tiwọn lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ, wọ́n nà án sí mi láìwò mí. "Lọ sọ fún wọn kí wọ́n wọlé wá bu èyí tó mọ́."

Mo jáde. Mo dúró níwájú obìnrin òdìkejì, mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní Màmá ní kí wọ́n wọlé. Mo ní kí wọ́n má bínú.

"Bínú kẹ̀?" Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. "Ìyàwó wa, àwa ló yẹ ká bẹ̀ yín, tí a kò kan ilẹ̀kùn. A máa ń gbọ́ ọ bó bá ń ké. A ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wa tipẹ́ pé bó bá ké, kí ẹnikẹ́ni má lọ. Kí ẹ kọ́kọ́ pọn ti Bàbá. Èyí tó dákẹ́ yìí ni kò yé wa. A ní bóyá kò sí ẹnikẹ́ni nílé, kí ó má kàn ṣòfò."

Mo ní ta ló sọ ti Bàbá fún wọn.

Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọdé. "Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn ilé yín, ọ̀dọ̀ wa ló ń wọ̀," ó wí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́. "Báàfù ọjọ́sí yẹn, kì í ṣe omi ni mo wá gbà. Odò ni mo ti ń fọ aṣọ, lọ́nà oko ọkọ mi. Mo ní kí n máa bá yín kó ti Bàbá mọ́ tiwa. Màmá ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."

Èmi tó ń fi etí mọ àrùn maṣíìnì, èmi tó wá ariwo táǹkì kàn. Mo wà nídìí maṣíìnì lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ "mo ní kí n wá", mo rí báàfù ìfọṣọ, mi ò bi ara mi léèrè pé ta ló ń fi báàfù ìfọṣọ pọn omi.

Nígbà tí mo wọlé, Màmá bi mí pé kí ló wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n ká a, wọ́n tún tú u, wọ́n tún ká a.

Ọkọ mi dá bọ́ọ̀lù padà sínú táǹkì lọ́jọ́ kejì, igbe náà sì padà. Obìnrin òdìkejì wá pẹ̀lú báàfù rẹ̀. Màmá fúnra wọn ló kó aṣọ náà sí i, wọ́n sì mú ìró àlòkù wọn kan tó mọ́, wọ́n fi bò ó lórí kí ẹnikẹ́ni má rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀ tí ó bá ń lọ sódò. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ìró náà ò bo ohunkóhun. Bí páìpù bá sì ti ké, Màmá á lọ ṣí géètì gbayawu, wọ́n á dúró síbẹ̀, wọ́n á máa ju ọwọ́ sí àwọn ènìyàn. Àwọn ènìyàn á kí wọn láti òdìkejì, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Wọn ò ní í wá, àfi tí wọ́n bá rí mi tí mo gbé korobá kejì wọ yàrá Bàbá.

Bàbá kú nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A sin wọ́n sí Òdìgbò. Nígbà tí a padà sí Òrè, tí àwọn àlejò ti lọ, tí ilé dá, omi yọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Páìpù húkọ́, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà igbe gígùn náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Màmá dìde láti lọ dúró sí géètì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn ò tíì dé ibẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti wà níta pẹ̀lú garawa àti korobá, wọ́n ti tò, obìnrin òdìkejì wà níwájú, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò sí ẹni tí wọ́n ń dúró dè mọ́.

Màmá jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n fi etí ìró bojú. Èmi ni mo lọ ṣí géètì.